Afẹ́fẹ́ Ni Ó Ń Ṣáájú Epo: Bí Agbára Ọkọ̀ Dísù Onítọ́bò Ṣe Ń Pọ̀ Sí I

Ìráhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ni ọkọ̀ dísù. Wọ́n a ní ọkọ̀ náà kì í jẹ epo púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wúwo, àwọn ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn a sì máa fun fèrè mọ́ ọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wá mekáníìkì tí yóò bá wọn fi kún agbára ẹ́ńjìnnì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn ni pé: níbo ni agbára náà ti ń wá, kí ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì àti sí jíà nígbà tí wọ́n bá gbé ẹrù tí ó ju èyí tí wọ́n dá wọn fún lọ?

Àpẹẹrẹ tí ó dára fún ọ̀rọ̀ yìí ni Mercedes-Benz 300SD, ọkọ̀ tí àwọn ará Jámánì ṣe, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978. Òun ni a kà sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún títà tí ó ń lo dísù pẹ̀lú tọ́bò. Sílíńdà márùn-ún ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, títóbi rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta, jíà rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Títí di òní, àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń wá agbára kún irú ẹ́ńjìnnì yìí, ohun tí wọ́n sì ń rí nídìí rẹ̀ lè kọ́ gbogbo onídísù lọ́gbọ́n.

Rudolf Diesel ni ó gba ìwé àṣẹ fún ẹ́ńjìnnì yìí ní ọdún 1892, òun náà ni ó sì mú un ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Kò sí pulọ́ọ̀gì tí ń ta iná nínú rẹ̀. Písítìnì ni ó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan. Nínú ẹ́ńjìnnì 300SD, afẹ́fẹ́ tí ó kún sílíńdà a di bí ìdá kan nínú mọ́kànlélógún. Ìgbà náà ni pọ́ǹpù yóò ta epo sí i, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin èyí àti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Nínú ti pẹtiróòlù, ìlẹ̀kùn kan ni ó ń dí afẹ́fẹ́ tàbí tí ó ń ṣí i fún un bí awakọ̀ bá ti tẹ tọ́tù. Nínú irú ẹ́ńjìnnì dísù yìí, kò sí ìlẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà nígbà gbogbo, iye epo tí pọ́ǹpù bá ta sí i ni ó sì ń pinnu agbára tí yóò jáde.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrò àwọn kan ni pé bí ó bá jẹ́ epo ni ó ń pinnu agbára, kí wọ́n yí síkírúù ara pọ́ǹpù kí epo lè pọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tí ó bá ti dáná igi rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n kì bọ inú àdògán láìsí àyè fún afẹ́fẹ́, èéfín ni yóò máa rú, ọbẹ̀ kò sì ní tètè jinná. Èéfín dúdú tí ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó tán. Owó ni ó ń jáde níbẹ̀, ooru tí ó pọ̀ ju ìwọ̀n sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì.

Afẹ́fẹ́ yìí ni tọ́bò wà fún. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n náà ní ọdún 1905. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tí ì bá kàn ṣòfò ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kìíní, èkejì a sì máa ti afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì oní-lítà mẹ́ta yìí, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 80 láìsí tọ́bò, di nǹkan bí 110 nígbà tí wọ́n fi tọ́bò sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é kò kàn so tọ́bò mọ́ ọn lásán. Wọ́n ṣe ihò tí ń tu ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì kí ó lè máa tutù, wọ́n sì fi sódíọ̀mù sí inú fáàfù tí èéfín ń gbà jáde kí ooru má baà jẹ ẹ́. Ní ọdún 1976, wọ́n gbé irú ẹ́ńjìnnì kan náà sínú ọkọ̀ ìdánwò C111, wọ́n sì sá a ní Nardò ní ilẹ̀ Ítálì. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 190. Ó sáré fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta wákàtí, ìwọ̀n eré rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 252 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ tí kò sí lára 300SD ni ẹ̀rọ tí ń tu afẹ́fẹ́ lára kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò fún mọ́ra a máa gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í sì ki. Bí ó bá tutù, púpọ̀ rẹ̀ ni yóò wọlé, epo yóò sì rí ohun tí yóò fi jó.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tí ń wá agbára ní ètò. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó wádìí bóyá ọkọ̀ náà ń lo agbára tí wọ́n dá mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n pè ní aláìlágbára, àìsàn ni ó ń ṣe é. Fílítà epo tàbí ti afẹ́fẹ́ lè ti dí. Àyè fáàfù lè ti yẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 0.10 ní ọ̀nà àbáwọlé àti 0.35 ní ọ̀nà èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ọ̀pá tọ́tù lè má fa pọ́ǹpù dé òpin. Agolo kékeré kan tún wà lórí pọ́ǹpù, tí ń mọ ìgbà tí tọ́bò ti kó afẹ́fẹ́ dé, tí ó sì ń dá epo dúró títí dìgbà náà. Bí ìdọ̀tí èéfín bá dí ọ̀nà tóóró tí ó so agolo yìí mọ́ ẹ́ńjìnnì, epo kò ní pọ̀ sí i láéláé, bí tọ́bò tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n fọ ọ̀nà náà nìkan lè sọ arúgbó ọkọ̀ di ọmọdé.

Èkejì ni gééjì. Ọ̀kan yóò máa sọ ipá afẹ́fẹ́, èkejì yóò máa sọ ìgbóná èéfín kí ó tó dé tọ́bò. Alumíníọ̀mù, tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe písítìnì, a máa yọ́ bí ìgbóná rẹ̀ bá dé 660 ní ìwọ̀n Celsius. Bí èéfín bá gbóná tó 700, písítìnì kò tíì yọ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù àti ọ́ìlì ń bá a tu ooru lára. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọkọ̀ pẹ́ níbẹ̀ lórí òkè gígùn. Lẹ́yìn gééjì ni kí wọ́n fi kún afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì wá ọ̀nà láti tu ú. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí wọ́n fọwọ́ kan síkírúù epo, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa wo gééjì àti ẹnu sàlẹ́ńsà bí wọ́n ti ń yí i.

Jíà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Jíà tí ń pààrọ̀ ara rẹ̀ ní àwọn kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀já irin nínú, ipá ọ́ìlì ni ó sì ń dì wọ́n mú. Bí ipá náà bá kéré sí agbára ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì a máa yọ̀, ibi tí ó ti ń yọ̀ ni ó ti ń jóná. Nínú ọkọ̀ yìí, pọ́ǹpù kan ń ṣe ìfàmọ́ra lọ́tọ̀, fáàfù kan lára pọ́ǹpù epo a sì máa dín ìfàmọ́ra náà kù bí awakọ̀ bá ṣe ń tẹ tọ́tù sí. Bí ìfàmọ́ra bá ti ń dín kù ni ipá ọ́ìlì jíà ń pọ̀ sí i. Èyí já sí pé ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí tọ́tù ni jíà ń gbọ́. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti yí síkírúù epo. Ẹ́ńjìnnì lè máa fi agbára ẹṣin 150 tì í, kí òun ṣì máa di ara rẹ̀ mú bí ẹni tí ń gbé 110.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n ipá náà ṣe lára jíà bí wọ́n bá ti fi kún epo. Jíà fúnra rẹ̀ yóò sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké sókè lójijì nígbà tí ó fẹ́ bọ́ sí jíà kejì, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Bí ó bá ń ta èrò síwájú gìrì, ipá ti pọ̀ jù. Bí ọ́ìlì pupa rẹ̀ bá dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ìbàjẹ́ ti wọlé.

Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń pín epo, òun ni ó sì ń sọ fún jíà iye agbára tí ń bọ̀. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà a máa yí ìṣirò inú kọ̀ǹpútà dípò síkírúù. Òfin lórí èéfín sì ti le. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ìjìyà wà fún yíyọ ohun èlò tí ń sẹ́ èéfín kúrò lára ọkọ̀ tí ń rìn lójú títì. Síbẹ̀, ètò iṣẹ́ náà kò yí padà: kí ìwòsàn ṣáájú àfikún, kí afẹ́fẹ́ ṣáájú epo, kí jíà sì gbọ́ nípa agbára kí agbára tó dé bá a. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le. Ẹni tí ó ń wá agbára gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí jù.