Ewu Àkóràn Tí Ó Wà Fún Dókítà Nínú Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀fun

(Àròkọ Aláàlàyé)

ÌLAPA ÈRÒ
(i) Ìfáárà: ìdí tí iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fi yàtọ̀.
(ii) Bí ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe ń ta sí dókítà lójú.
(iii) Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn.
(iv) Àwọn àrùn tí a lè kó, àti ọ̀nà ìdènà wọn.
(v) Ìkádìí.

ÀRÒKỌ
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nítorí oúnjẹ ni wọ́n ṣe pa á lówe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá dókítà tí ń ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun mu pẹ̀lú. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀ kò dojú kọ èémí aláìsàn. Ti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ́fun kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí èémí ń gbà jáde gan-an ni ó ń wò, ojú rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín ni bí àrùn ṣe lè gba ibẹ̀ ran dókítà, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Bí wọ́n bá fẹ́ gé bèlúbèlú fún ọmọdé, wọn yóò fún un ní oògùn oorun, wọn yóò fi irin la ẹnu rẹ̀, dókítà yóò sì jókòó sí ìgbèrí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá kan iṣan, ẹ̀jẹ̀ lè tú sókè. Èyí tí ó tún léwu jù ni ti ẹni tí kò lè mí mọ́, tí a ní láti dá ihò sí iwájú ọrùn rẹ̀ kí ó lè rí afẹ́fẹ́ fà. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ ọ̀nà èémí, aláìsàn lè húkọ́. Afẹ́fẹ́ yóò gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ gba ojú ihò náà jáde, yóò sì tà wọ́n sí ojú ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀kán ńlá a máa tètè bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré a máa fẹ́ lójú afẹ́fẹ́ bí eruku ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù October ọdún 1884, ní ilé ìwòsàn Royal Free ní ìlú London, ọmọ kékeré kan ní àrùn difitéríà, èyí tí ń fi awọ dí ènìyàn lọ́fun. Wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn, wọ́n sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà dí. Dókítà Samuel Rabbeth fi ẹnu ara rẹ̀ fa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kí ọmọ náà lè mí. Ó kó àrùn náà, ó sì kú.

Ní ọdún 1897, ní ìlú Breslau tí a ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Flügge fi hàn pé ẹ̀kán itọ́ tí ń ti ẹnu ènìyàn jáde bí ó bá ń sọ̀rọ̀ a máa ru kòkòrò àrùn. Ní ọdún kan náà, Johann Mikulicz bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu bí ó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ kíyè sí i pé nítorí aláìsàn ni ó ṣe bò ó, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Ìbòmú bo imú àti ẹnu, ṣùgbọ́n ojú ṣì wà ní gbangba.

Ojú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀nà omijé sì ti ibẹ̀ lọ sínú imú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sí i lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítíìsì B wọlé. Ó lè gbé kòkòrò HIV náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò wọ́pọ̀: nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan péré ni nínú 1,000 ìgbà tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kan ojú tàbí ẹnu. Èémí àti ikọ́ ní tiwọn lè gbé ikọ́ ife àti àrùn Kòrónà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi dá iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tí kò jẹ́ kánjúkánjú dúró ní ọdún 2020.

Ọ̀nà ìdènà kò ṣòro. Èkíní, kí dókítà lo ìbòmú, kí ó sì fi ike tí ó mọ́ gaara bo gbogbo ojú rẹ̀. Gíláàsì ìkàwé lásán kò tó, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èkejì, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B pé. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ń fún aláìsàn ní oògùn oorun fún un ní èyí tí kò ní jẹ́ kí ó húkọ́, kí ó sì dá ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí i dúró díẹ̀ bí ọ̀bẹ bá fẹ́ wọ ọ̀nà èémí. Ẹ̀kẹrin, bí nǹkan bá ta sí i lójú, kí ó fi omi tí ó mọ́ ṣan án dáadáa, kí ó sì sọ fún àwọn aláṣẹ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 72 lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ní ìparí, bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a ń kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Èyí kì í ṣe ìmọtara-ẹni-nìkan, nítorí dókítà tí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn kò lè wo ẹlòmíràn sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ojúṣe àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ni láti ra ohun ìdáàbòbò sílẹ̀, kí ẹni tí ń la ọ̀nà èémí fún wa má baà ti ibẹ̀ pàdánù ẹ̀mí tirẹ̀.