Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ṣòfófó Kíndìnrín

Kì í ṣe kíndìnrín ni Malcolm Hargraves ń wá kiri. Mùdùnmúdùn inú eegun ló ń fi maikirosíkóòpù wò ní ilé ìwòsàn Mayo, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, tó fi ń rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó gbé nǹkan roboto mì, tí nǹkan náà sì kún un nínú débi pé ó ti kókó sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́. Lára àwọn tó ní àìsàn lupus ló ti ń rí i. Ní 1948, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n pè é ní sẹ́ẹ̀lì LE. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó pọ́n, oríkèé tó ń roni àti ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀ ni dókítà máa ń tẹ̀ lé kó tó dárúkọ lupus.

Hargraves ni gbogbo ayé ń rántí. Lójú tèmi, John Haserick ti Cleveland ló mú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ní 1949, ó da omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní lupus pọ̀ mọ́ mùdùnmúdùn ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, sẹ́ẹ̀lì LE sì yọjú níbẹ̀. A jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn kọ́ ni ọ̀daràn. Ohun kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, prótéènì sì ni.

Nígbà tó di 1957, láàbù bíi mélòó kan rí ohun tí prótéènì ọ̀hún ń bá jà, lára wọn ni Halsted Holman àti Henry Kunkel ní Rockefeller, New York, àti Maxime Seligmann ní Paris. DNA wà lára rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbínibí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn ọmọ ogun ara, ìyẹn irú prótéènì bẹ́ẹ̀, tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn ti kọjú ìjà sí onílé.

Ibi tí kíndìnrín ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Asẹ́ ni kíndìnrín jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá sì dì pọ̀ lè há sí i. Ní 1967, Koffler, Schur àti Kunkel fọ ọmọ ogun ara jáde láti inú kíndìnrín àwọn tí lupus ti pa, wọ́n sì bá èyí tó ń gbógun ti DNA, ìyẹn anti-DNA, níbẹ̀, ó pọ̀ ju bó ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Níbi tó bá há sí, ó máa ń pe àwọn prótéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní kọ́ńpílímẹ́ǹtì, C3 àti C4 nínú wọn, láti wá bá a jà. Bí wọ́n ṣe ń ná wọn tán nínú kíndìnrín ni iye wọn ń já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Schur àti Sandson gbé èyí jáde ní 1968: bí kọ́ńpílímẹ́ǹtì bá ń lọ sílẹ̀ tí anti-DNA sì ń gòkè, ẹ ṣọ́ kíndìnrín onítọ̀hún.

Ìròyìn yẹn ṣe pàtàkì, torí creatinine, tí a sábà máa ń fi díwọ̀n kíndìnrín, kì í tètè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kíndìnrín lè ti dín kù tó ìdajì kí creatinine tó gòkè kọjá ààlà.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá láti wá anti-DNA náà tún dùn mọ́ mi. Ní 1975, Lucien Aarden àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands lo Crithidia luciliae, kòkòrò kékeré tó ń gbé inú eṣinṣin. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lé e, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fi aró tó ń tàn sí i. Bí anti-DNA bá wà, ojú kékeré kan nítòsí ìdí ìrù kòkòrò náà á tàn bí ewé tútù. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ń fa àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn wá nílẹ̀ Áfíríkà. Prótéènì kan sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, APOL1, tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ṣàwárí pé ẹ̀dà rẹ̀ méjì, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá nínú wọn, ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Ní 2014, Barry Freedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ní lupus, ẹni tó bá jogún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló wà nínú ewu jù pé kíndìnrín rẹ̀ á dákẹ́ pátápátá.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bu díẹ̀ lára kíndìnrín wò ò tíì kúrò nílẹ̀. Iversen àti Brun ní Copenhagen ló kọ̀wé ní 1951 nípa fífi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ lára kíndìnrín láti ẹ̀yìn. Ní Chicago, Kark àti Muehrcke ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè rọrùn, nígbà tó sì di 1957, wọ́n fi í wo kíndìnrín àwọn tó ní lupus. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n ń pín àìsàn kíndìnrín tí lupus ń fà sí lónìí, ìtọ́jú ìpele kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ìyẹn. Anti-DNA ẹlòmíràn á ga fún ọdún, kíndìnrín rẹ̀ á sì dá ṣáṣá. Èyí tó le jù ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín egbò tó ń gbóná, tí oògùn lè tù, àti àpá tó ti gbẹ, tí oògùn kò rí ṣe sí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì ń wá prótéènì mìíràn. Anti-C1q, ọmọ ogun ara tó ń gbógun ti ọ̀kan lára kọ́ńpílímẹ́ǹtì, ti wúlò: bí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀, àìsàn kíndìnrín tó le kì í sábà wà. Chandra Mohan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston ti yẹ ọ̀pọ̀ prótéènì wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Axl, ferritin àti IGFBP2 sì wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ka sí. Mi ò rò pé èyíkéyìí nínú wọn á lé abẹ́rẹ́ lọ. Iṣẹ́ tó yẹ wọ́n ni kí wọ́n sọ ìgbà tó yẹ kí a gún kíndìnrín, àti bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé a tún gún un.

Nílé níbí, ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé lupus ṣọ̀wọ́n láàárín wa, àfi ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn àwọn aláìsàn 66 jáde ní 2009. Ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ san àyẹ̀wò kò lè dúró de Houston. Ìtọ̀ inú ike ni kó kọ́kọ́ gbé lọ. Bí prótéènì inú rẹ̀ bá ti tó ìdajì gíráàmù lóòjọ́, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa C3, C4, anti-DNA, àti abẹ́rẹ́ náà.