Odi tí ó rí ọkọ̀ ogun: Àlàyé lórí fíìmù Camp de Thiaroye

Ní Erinje, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, ogun Hítílà ni àwọn àgbà máa ń pe ogun ọdún 1939 sí 1945, Bọ́mà sì ni a kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lọ. Ní ti àwọn aládùúgbò wa tí ó wà lábẹ́ Faransé, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ wọn ti jà. Ohun tí ojú wọn rí nígbà tí wọ́n padà dé ni Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow fi ṣe fíìmù Camp de Thiaroye ní ọdún 1988. Owó Sẹ̀nẹ̀gàl, Àlgéríà àti Tùnísíà ni wọ́n fi ṣe é. Faransé kò dá kọ́bọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ni ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí.

Ìtàn náà kò díjú. Ní 1944, wọ́n kó àwọn ọmọ-ogun sí àgọ́ kan ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, kí wọ́n lè gba owó wọn kí wọ́n sì lọ sílé. Nígbà tí ó kan owó, àwọn ọ̀gá ní ìdajì iye rẹ̀ ni àwọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀gágun. Ó ṣèlérí, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá wo fíìmù yìí yóò mú Sájẹ́ǹtì Diatta ní olú ẹ̀dá ìtàn, nítorí ó kàwé, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní èrò tiwa, Pays ni. Àwọn Jámánì ti tì í mọ́ Buchenwald rí. Kò lè fọhùn mọ́, kíkùn nìkan ni ó kù fún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, wáyà ẹlẹ́gùn-ún àgọ́ náà ni ó lọ fọwọ́ kàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni òun wà.

Ní òru ìkẹyìn, òun ni ó ń ṣọ́nà. Ó rí àwọn ọkọ̀ ogun onírin tí ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Ó sáré wọlé, ó ń jí wọn, ó ń nawọ́ síta. Wọ́n ní Buchenwald ni ó tún ń lá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá: bí wọ́n ṣe ka ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ejò gan-an ni ó rí. Ẹni tí ó ti gbé inú wáyà rí nìkan ni ó mọ ohun tí wáyà wà fún.

Nítorí náà ni a kò fi bá àwọn olùdarí jà lórí ibi tí wọ́n ti yà kúrò nínú ìtàn: òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944 ni ìbọn dún ní tòótọ́, kì í ṣe òru. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tí Pays rí ì bá hàn sí gbogbo ojú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ-ogun tuntun ni a rí tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Ìjọba Faransé kọ́kọ́ ní ènìyàn 35 ni ó kú; ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn kò gbà á. Oṣù Kọkànlá 2024 ni Ààrẹ Macron tó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìpakúpa ni.