Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fi afẹ́fẹ́ rọ́pò sípíríǹgì

Ẹni tó bá ń ti Àrámọ̀kọ gba Erio-Èkìtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé ojú ọ̀nà olókè ni. Nítorí náà ni àwọn tó ní jíìpù àtijọ́ ṣe ń béèrè bóyá kí wọ́n yọ sípíríǹgì irin, kí wọ́n fi àpò rọ́bà aláfẹ́fẹ́ síbẹ̀.

Kì í ṣe àrà tuntun. Láti ọdún 1992 ni Range Rover ti ní irú rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń lo iná bátìrì ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà. Ó ń tuni lára, ẹrù kì í sì í tẹ ìdí mọ́tò wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá là tàbí tí pọ́ǹpù bá kú, ńṣe ni mọ́tò yóò rọ̀ sílẹ̀. Abájọ tí ọ̀pọ̀ tó ra Range Rover aláfẹ́fẹ́ fi dá a padà sí sípíríǹgì irin.

Ẹni tó ń kó iṣu tàbí kòkó lè fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó fi àpò afẹ́fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde, irin ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé o: àpò afẹ́fẹ́ kì í fi agbára kún bíréèkì. Ẹni tí yóò sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, bíréèkì ni kó kọ́kọ́ tún ṣe.