Ẹ̀yin onílé ìtura, ta ló ń ṣọ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ yín?

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ìtura kéékèèké ló ń gbẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ sínú ọgbà wọn kí oníbàárà lè pọ̀. Owó ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ ọlọ́mọ bá kú síbẹ̀ lè kó èrè ọdún mẹ́wàá lọ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lágbàáyé lọ́dún 2021. Nínú mẹ́rin tó kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé ẹni tó ń rì yóò pariwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi ń wọ̀ lẹ́nu kì í rí èémí tí yóò fi ké. Wẹ́rẹ́ ló ń lọ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ mọ ọgbà yí omi náà ká, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa pa ara rẹ̀ dé. Ẹ gba òmùwẹ̀ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dóòlà ẹ̀mí, kó má ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ṣọ́ omi lọ. Ẹ má rán an lọ gbé bíà. Ẹ kọ bí omi ṣe jìn sí etí rẹ̀, ẹ sì fi igi gígùn àti okùn sí ìtòsí. Bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ omi mọ́, tàbí tí iná lọ lálẹ́, kí gbogbo èèyàn jáde. Ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí àgbà kò tẹ̀ lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rì, ẹ na igi tàbí kí ẹ ju okùn sí i. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ sómi. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn pe 112.

Àwọn kan gbà pé pátákó tí wọ́n kọ "a kò ní dáhùn fún ẹni tó bá rì" sí ti tó. Pátákó kì í fa èèyàn jáde nínú omi. Owó okùn àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kan kò tó owó ẹjọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.