Bí A Ti Lè Rí Àwọn Ìwé Ìtàn Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni ó mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù kí ìwé náà ṣègbé. Ní ọdún 1897 ni ó parí rẹ̀. A fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfi ojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ, títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní Internet Archive láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó dátà nìkan ni yóò san.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìkówèésí gbogbogbòò ti ìlú New York ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àkójọ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò ní káàdì ilé náà kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán àti ìwé àtijọ́ tí ó jẹ́ ti ilé náà fúnra rẹ̀, tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dè mọ́, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2016, ó yọ̀ǹda èyí tí ó ju 180,000 lọ, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un láìtọrọ àyè. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Harlem ń jẹ́ orúkọ Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico, ẹni tí àkójọ ìwé rẹ̀ nípa àwọn ènìyàn dúdú di ti ilé náà ní ọdún 1926. A máa ń ròyìn pé, ní ìgbà èwe rẹ̀, olùkọ́ kan sọ fún un pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Àkójọ yìí ni ó fi dá a lóhùn.

Èyí tí ó kan wa jùlọ ni SlaveVoyages, tí a ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2008. Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú tí ó ju 36,000 lọ wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ju 91,000 lọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí àwọn akọ̀wé sì kọ orúkọ wọn ní Freetown àti Havana. Irú ìdáǹdè bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther rí ní ọdún 1822. Orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn.

Ẹni tí ó bá ń wá nǹkan ní irú ibi wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí a ń pè wá nígbà náà. Aku ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Sàró, Nagô ní Brazil, Lucumí ní Cuba. Àwọn arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì a sì máa kọ Yarriba. Katunga ni wọ́n ń pe Ọ̀yọ́ Ilé. Abbeokuta ni wọ́n ń kọ fún Abẹ́òkúta. Akọ̀wé a sì máa kọ orúkọ ènìyàn gẹ́gẹ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ, láìsí àmì ohùn. Nítorí náà, bí ọ̀nà kan kò bá jẹ́, kí a tún un kọ ní ọ̀nà mìíràn.

Kí a má sì ṣe gba gbogbo ohun tí a bá kà gbọ́. Ẹ̀rọ a máa ṣi lẹ́tà kà, òǹkọ̀wé àtijọ́ a sì máa ní ojúsàájú tirẹ̀. Kí a kọ orúkọ ìwé, ọdún rẹ̀ àti ojú ìwé sílẹ̀, kí a sì bi àwọn àgbà ìlú léèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọ̀nà yìí han àwọn ọmọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé Johnson tí ó sọnù. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tètè parun.