Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun máṣíìnì ńlá rìnrìn àjò, ṣé ẹ mọ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, mo dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà kan n'Íbàdàn kó bá mi lẹ táyà mọ́tò mi, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gun máṣíìnì ńlá dé. Ẹni tó bá rí máṣíìnì ọ̀hún á wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ga, wọ́n de àpótí irin mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, táyà rẹ̀ sì ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà bíi ti katakata. Ọmọ náà ní táyà ẹ̀yìn ń jò, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì tóun rà á ní tuntun, Ṣakí lòun sì ń lọ lọ́jọ́ kejì.

Fọkanáísà tú táyà náà, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló bá ní kí n bá òun ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. 2214 ni mo kà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni tuntun yín yìí o." Ó tẹ rọ́bà náà kọ, a sì rí i tó ti sán wẹ́wẹ́ láàárín eyín rẹ̀. Eyín ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà ti kú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ èyí, torí irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní adventure, ń wu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa báyìí. Lọ́dún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun Honda tirẹ̀ láti London wọ Èkó láàárín ọjọ́ 41, ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó ń fi ìrìnàjò náà wá owó láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ìwúrí ńlá ni. Àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ máṣíìnì báyìí, ẹ́ńjìnì ni wọ́n máa ń bèèrè, wọ́n á bèèrè iye owó, wọ́n á bèèrè bó ṣe ń sáré tó. Ta ló ń bèèrè táyà? Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo máṣíìnì yẹn, ibi méjì péré ló kan ilẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ.

Kí ló ń jẹ táyà?

Ohun mẹ́rin ni: ooru, ẹrù, eré àti afẹ́fẹ́ tí kò pé. Táyà ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí òun ni ẹ́ńjìnì ń yí, òun náà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ti iwájú ń jẹ lọ́nà tiẹ̀. Bíréèkì iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ìyẹn ló ń jẹ́ kí eyín táyà náà jẹ lápá kan kó ga lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rá a, á dà bí ẹnu ayùn.

Ẹ tún wò ó: táyà máṣíìnì kì í tẹ́ bíi ti mọ́tò. Ó rí róbótó kó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá ń yà. Ẹni tó bá wá ń sáré lọ tààrà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, àárín táyà nìkan ló ń lò. Tó bá yá, àárín náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣì dà bíi tuntun. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ya kọ́nà pẹ̀lú eré, máṣíìnì á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ fì, lẹ́yìn náà ló máa fì gbì lójijì. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi ń fi rọ́bà líle sáàárín, tí wọ́n ń fi èyí tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Rọ́bà tó rọ̀ máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa, àmọ́ kì í pẹ́. Èyí tó le máa ń pẹ́, àmọ́ ó ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀. Kò sí táyà tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ní tòun mọ gbogbo rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ tà fún yín ni.

Eyín ńlá ò sọ táyà di alágbára

Ẹ ronú nípa bàtà bọ́ọ̀lù eléyín. Lórí koríko, kò sí bàtà tó dà bíi rẹ̀. Ẹ wá wọ̀ ọ́ sáré lórí kọnkéré, ẹsẹ̀ yín á máa yọ̀, kò sì ní í pẹ́ tí eyín bàtà náà á fi jẹ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà eléyín ńlá ṣe ń ṣe lórí ọ̀dà. Àlàfo tó wà láàárín eyín pọ̀, torí náà rọ́bà díẹ̀ ló kan ilẹ̀. Rọ́bà díẹ̀ yẹn ló máa gbé gbogbo ẹrù, eyín kọ̀ọ̀kan á máa tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, á gbóná, á jẹ. Yóò máa hó lábẹ́ yín, bíréèkì kò sì ní í mú bó ṣe yẹ lórí ọ̀dà tó tutù.

Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń fi nọ́ńbà méjì júwe ọjà wọn. 90/10 túmọ̀ sí pé ọ̀dà ni wọ́n fi ìdá àádọ́rùn-ún rò, wọ́n fi ìdá mẹ́wàá yòókù ro ilẹ̀ tí kò lọ́dà. Michelin Anakee Adventure jẹ́ 80/20, Anakee Wild jẹ́ 50/50. Continental TKC 80 wà lára àwọn eléyín ńlá táwọn èèyàn mọ̀ jù. Tó bá jẹ́ orí ọ̀dà lẹ wà jù, táyà ẹ̀yìn tó jẹ́ eléyín ńlá lè parí kó tó pé kìlómítà 8,000, ti ẹni tó ń di ẹrù tó sì ń sáré kì í dé 5,000 nígbà mìíràn. Táyà ọ̀dà tó dáa lè rin 10,000 sí 15,000.

Ọ̀nà yín ni kẹ́ ẹ wò

Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ka ibi tẹ́ ẹ gun máṣíìnì yín dé láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má ka ibi tẹ́ ẹ rí lórí fídíò. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lẹ ń lọ, tẹ́ ẹ̀ ń lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìdànrè lópin ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé kòtò àti yanrìn etí títì nìkan ló ń bá yín jà, 90/10 tàbí 80/20 ti tó yín.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà oko lẹ sábà máa ń gbà, tẹ́ ẹ̀ ń wọ àwọn abúlé Òkè-Ògùn lásìkò òjò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ pupa tó bá ti rẹ omi máa ń lẹ̀ mọ́ ojú táyà ọ̀dà, á dí gbogbo ilà rẹ̀, táyà tuntun á sì dà bí èyí tó ti pá. Níbẹ̀, 50/50 ló máa gbà yín. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ máa tètè pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín eré kù tẹ́ ẹ bá padà sórí ọ̀dà.

Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà

Ká ní 160/60R17 69H lẹ rí. 160 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 60 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. 69 ni ẹrù tó lè gbé, ìyẹn kílò 325. H ni eré tó lè sá, kìlómítà 210 ní wákàtí kan. T jẹ́ 190, Q jẹ́ 160. Q yìí ló wà lára púpọ̀ nínú táyà eléyín ńlá, torí náà, ẹ́ńjìnì yín lè sáré ju ohun tí táyà yín lè gbà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. 2214 tí mo kà lọ́jọ́sí jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014. Michelin gbà wá nímọ̀ràn pé tí táyà bá ti lo ọdún márùn-ún, kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó bá sì pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí wọ́n yọ ọ́ dànù, ì báà ṣì lójú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yìí kan àwa níbí gan-an. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dúńlọ́ọ̀pù ní Ìkẹjà náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró lọ́dún 2008. Látìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé táyà wá fún wa. Ó lè ti pẹ́ nínú kọ̀nténà, kó tún pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí oòrùn ti máa pa á níta. Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ìjọba ti fi táyà àlòkù sára ọjà tí wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Wọ́n á fi nǹkan dúdú pa á kó lè máa dán. Dídán kọ́ ni tuntun. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kà.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Ní ìlú Ọba, òfin ní ilà táyà máṣíìnì gbọ́dọ̀ jìn tó mìlímítà 1 ó kéré tán, ní Jámánì ó jẹ́ 1.6. Ẹ má dúró dìgbà yẹn tó bá jẹ́ àsìkò òjò ni, torí ilà yẹn ló ń fa omi kúrò lábẹ́ táyà. Tí kò bá jìn mọ́, omi á gbé táyà sókè, bíréèkì ò sì ní í mú. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ilà náà tí wọ́n fi lẹ́tà TWI júwe ibi tó wà. Tí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, ó ti parí nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbéra

Láàárọ̀, kí táyà tó gbóná, ẹ fi gééjì wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó ní ó ti tó. Iye tó yẹ wà nínú ìwé máṣíìnì yín. Tẹ́ ẹ bá dín afẹ́fẹ́ kù torí iyanrìn, ẹ dá a padà kẹ́ ẹ tó sáré lórí ọ̀dà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbóná, ó sì lè bẹ́. Tó bá jẹ́ táyà tuntun, ẹ wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá ibi tó ń yí sí ló kọjú sí, kẹ́ ẹ sì rọra gùn ún fún nǹkan bíi kìlómítà 150 àkọ́kọ́ torí ó ń yọ̀. Tí ìṣó bá gún un láàárín, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti lu, ẹ má lẹ̀ ẹ́ o, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ yẹn bínú gan-an. Ó fi máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó ní mọ́tò lòun máa wọ̀ lọ sí Ṣakí. Owó rẹ̀ ti wọgbó, ṣùgbọ́n owó nìkan ló wọgbó. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ gbé máṣíìnì yín sí, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lónìí.